Èjìká Tí Saimi Fi Wọn Súwẹ́tà Bàbá Rẹ̀

Ẹ̀yìn ọkùnrin náà ni Saimi kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn náà fẹ̀, ó nà tọ́nrán, ó sì dúró gbagidi lábẹ́ odi àtijọ́ ìlú Tallinn, níbi tí àwọn ìyá tó ń fi irun àgùntàn hun aṣọ pàtẹ ọjà wọn sí. Saimi kò wo ojú, kò bèèrè orúkọ. Ó gbé súwẹ́tà aláwọ̀ eérú tó ń yẹ̀ wò, ó rìn bá ọkùnrin náà lẹ́yìn, ó sì tẹ́ ẹ sí i léjìká láti òsì dé ọ̀tún.

Ọkùnrin náà yí padà wìrì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí," ni Saimi wí. "Mi ò tíì wọn apá."

"Apá ta ni?"

"Ti bàbá mi."

Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Bàbá yín dà?"

"Wọ́n wà nílé, ní Rauma. Ṣùgbọ́n èjìká yín yìí, tiwọn gan-an ni. Ẹ ṣe bí ẹni pé ẹ̀yin ni wọ́n, kò ní pẹ́."

Ìyá Helju tó ni ìsọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín, ó fi abẹ́rẹ́ ìhunṣọ rẹ̀ nà sí ọkùnrin náà. "Tarvo, dúró jẹ́ kó wọ̀n ọ́. Ó pẹ́ tí obìnrin ti fọwọ́ kan èjìká yẹn."

Tarvo, tó kàn wá gba ìbọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ ìyá náà, bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Kò mọ ìdí tí òun fi bọ́ ọ.

Saimi kì í ṣe ẹni tí àjèjì ń bà lẹ́rù. Ẹ̀rọ gàgàrà tó ń gbé kọ̀ǹtéńà kúrò nínú ọkọ̀ ní èbúté Rauma ní Finland, òun ló ń wà á. Ẹni tó bá sì ń fi gbogbo ọjọ́ jókòó sókè réré láàárín ìjì, ojú rẹ̀ kì í pẹ́ là. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n gba orí òkun wá Tallinn fún ìsinmi ìparí ọ̀sẹ̀. Àwọn yòókù ti ra ṣokoléètì àti ọtí tiwọn, wọ́n ti wá ibi tó móoru jókòó sí. Ẹ̀bùn bàbá rẹ̀, Bàbá Taisto, ló dá òun dúró sọ́jà.

Ẹni àádọ́rin ọdún ni Bàbá Taisto máa pé lóṣù tó ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó ṣòro láti fún ní nǹkan bíi tirẹ̀. Aago tí Saimi rà fún un wà nínú dúrọ́ọ̀. Lọ́fínńdà rẹ̀ ti di ti aládùúgbò. Bí wọ́n bá fún un ní ẹ̀bùn, á ní "o ṣeun" bí ẹni tí wọ́n mú bíìlì iná wá fún. Saimi ti pinnu pé tọ̀tẹ̀ yìí, ohun tí bàbá òun máa wọ̀ sọ́rùn lòun máa mú lọ sílé.

Súwẹ́tà kìíní fún Tarvo pinpin.

"Ṣé bàbá yín máa ń mí?" ló bèèrè.

"Wọ́n ń mí dáadáa. Ẹ bọ́ ọ."

Èkejì ní ìràwọ̀ yíká ọrùn. Saimi ní ó dà bíi ti ọmọ ilé ìwé jẹ́léósinmi. Ẹ̀kẹta jẹ́ búlúù bí omi òkun, funfun díẹ̀ sì là á láyà. Tarvo wọ̀ ọ́, ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe ní kó nà án. Saimi sún sẹ́yìn láti wò ó dáadáa. Ìgbà yẹn gan-an ni ojú rẹ̀ kúrò lára súwẹ́tà tó gòkè lọ sójú ẹni tó wọ̀ ọ́. Amọ̀ gbígbẹ wà lára irun ojú ọkùnrin náà. Ẹyin ojú rẹ̀ mọ́, ó tutù, ó sì ń wo Saimi bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kankan.

"Èyí dáa," ni Saimi wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

"Súwẹ́tà ni, àbí èmi?"

"Súwẹ́tà. Ìwọ ni mo ṣì ń yẹ̀ wò."

"Ẹ sanwó kí ẹ tó máa wo ara yín," ni Ìyá Helju wí. "Oníbàárà wà lẹ́yìn yín."

Tarvo ní òun náà fẹ́ gba owó iṣẹ́ òun. Kọfí ni owó iṣẹ́ náà. Nídìí kọfí ni Saimi ti gbọ́ pé ààrò bíríkì tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná ni ó ń mọ, pé ìlú Tampere ló ti kọ́ èdè Finland nígbà tó ń bá wọn kọ́lé. Saimi náà sọ bí ìlú ṣe máa ń rí láti òkè ẹ̀rọ rẹ̀ ní àárọ̀ tí yìnyín bá bo gbogbo òrùlé. Lẹ́yìn náà wọ́n jọ lọ ra ìyókù ẹ̀bùn. Ọ̀bẹ onígi tí wọ́n fi ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì ni Tarvo bá a yàn fún àwọn ará ibiṣẹ́. Ó ń gbé e sí i nímú lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè gbọ́ òórùn igi náà. Saimi ń gbóòórùn wọn pẹ̀lú sùúrù, bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ àkọ́kọ́ ti tẹ́ ẹ lọ́rùn tipẹ́.

Tarvo bá a gbé ẹrù dé èbúté. "Bí súwẹ́tà náà ò bá gba bàbá rẹ ńkọ́?" ló bèèrè.

"Màá mú un padà wá."

"Kí n máa gbàdúrà pé kó má gbà wọ́n?"

"Má gbàdúrà ibi fún bàbá mi," ni Saimi wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mò ń bọ̀, ó gbà wọ́n, kò gbà wọ́n."

Ó sì padà wá lóòótọ́, kó tó di pé oṣù yẹn parí. Nígbà tó máa fi tún wọkọ̀ lọ sílé, kò sí èyí tó ń tan ara rẹ̀ jẹ mọ́ nínú àwọn méjèèjì: ìfẹ́ ni.

Ọjọ́ tí Bàbá Taisto pé àádọ́rin ọdún, ó wọ súwẹ́tà náà níwájú dígí, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì. Ẹnu yà á. "Ó bá mi mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n mí."

Irọ́ ò sí lẹ́nu Saimi. "Ara ọkùnrin kan ni mo fi wọ̀n ọ́n, Bàbá. Tarvo lorúkọ rẹ̀. Ará Tallinn ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀."

Bàbá Taisto rọra fa súwẹ́tà náà kọjá orí, ó ká a, ó sì gbé e sórí àga. "Ẹlòmíì ti wọ̀ ọ́ kí n tó wọ̀ ọ́," ló wí. "Mi ò fẹ́."

"Bàbá, kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ!"

"Òkun wà láàárín àwa àtàwọn wọ̀nyẹn. Kí ló dé tí o ò wọn èjìká ará Rauma?"

Saimi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dun bàbá òun. Látìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, ọjọ́ Sunday kan ò kọjá kí òun àti bàbá rẹ̀ má jọ jẹun. Ìyẹn ni bàbá náà ń bẹ̀rù láti pàdánù, kò kàn lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ ni. Saimi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ gbọ́, Bàbá. Mi ò ní fi yín sílẹ̀. Mi ò sì ní fi òun náà sílẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ lọ wá bí ẹ ṣe máa bára yín gbé."

Saimi àti bàbá rẹ̀ ṣì ń jọ jẹun lọ́jọ́ Sunday, ṣùgbọ́n ṣíbí nìkan ló ń dún lórí tábìlì. Nígbà tí Tarvo gbọ́, ó ní lórí fóònù pé bóyá kí òun yẹra díẹ̀.

"Yẹra lọ síbo?" ni Saimi bi í. "Dúró síbi tí mo ti lè rí ọ, olówó orí mi lọ́la. Bàbá mi ò yára, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ̀."

Bí Saimi ṣe sọ ẹ́ náà ló rí, àmọ́ òun gan-an ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni bàbá náà máa fi bọ̀. Lọ́jọ́ kan tó sọ̀kalẹ̀ látorí ẹ̀rọ, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ nínú fóònù: "Saimi, mo ti wọkọ̀ ojú omi. Mò ń lọ dá súwẹ́tà yẹn padà fún ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bá mi bomi rin òdòdó."

Ó pe bàbá rẹ̀, kò gbé e. Ó pe Tarvo, òun náà kò gbé e. Ọkọ̀ ọjọ́ kejì ni Saimi wọ̀, ó sì gba ìsọ̀ Ìyá Helju lọ tààrà.

"Wọ́n wá síbí lánàá," ni ìyá náà wí. "Wọ́n ní kí n gba ọjà mi. Mo ní ọjà tí mo bá ti tà, ó ti lọ nìyẹn. Mo wá júwe ilé tí Tarvo ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn."

"Ṣé wọ́n jà ni?"

"Ọmọ mi, lọ fojú ara rẹ rí i."

Ilé onígi àtijọ́ kan ni. Kí Saimi tó dé ẹnu ọ̀nà ló ti ń gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀: "Kò tọ́! Mo ní kò tọ́! Gbé e sọ́tùn-ún!" Ó sáré wọlé.

Bàbá Taisto kúnlẹ̀ sílẹ̀, bíríkì wà lọ́wọ́ rẹ̀, súwẹ́tà búlúù wà lọ́rùn rẹ̀, amọ̀ ti ta sí i láyà. Tarvo kò sí níbì kankan, àfi ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta láti inú ààrò.

"Bàbá!"

"Ṣé o bomi rin òdòdó?"

"Súwẹ́tà tí ẹ fẹ́ dá padà ńkọ́?"

"Òtútù mú mi. Ilé tí kò tíì ní ààrò, kí lo rò?"

Tarvo rákòrò jáde, ojú rẹ̀ dúdú fún èédú. "Wọ́n ní kí n gba súwẹ́tà," ló wí. "Mo ní ọwọ́ mi kún, kí wọ́n bá mi di bíríkì kan mú ná. A ò tíì dáwọ́ dúró látàná."

Nígbà tí Tarvo lọ bọ́jú, Bàbá Taisto rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí i títí ó fi sú mi. Ńṣe ló gbé ọbẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé irú èèyàn wo ni ìyá rẹ."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Gbogbo rẹ̀." Bàbá náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, amọ̀ sì kù síbẹ̀. "Mo rò pé ó máa gbé ọ kọjá òkun, kó wá ku èmi nìkan."

"Mi ò fẹ́ gbé e lọ síbì kankan, Bàbá," ni Tarvo wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ilé onígi kún Rauma, ààrò tó ń rú èéfín sì pọ̀ níbẹ̀. Mo ti gba iṣẹ́ kan lọ́hùn-ún."

Saimi kọjú sí i. "Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

"Lẹ́yìn tí mo bá bi ọ́ ní ìbéèrè kan."

"Ìbéèrè wo?"

"Ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà ná," ni Bàbá Taisto wí, ó dìde. "Mi ò lè padà sílé lọ́wọ́ òfo."

Lábẹ́ odi ìlú, Saimi dúró wo bàbá rẹ̀ tó ń gbé ìbọ̀wọ́ pupa, tó ń gbé aláwọ̀ ewé, tó ń yí wọn wò nínú oòrùn.

"Ta lẹ fẹ́ rà á fún?"

"Kyllikki, aládùúgbò wa. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń tutù. Má wò mí bẹ́ẹ̀ o."

Saimi fa Tarvo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò lè fara dà á mọ́. "Jẹ́ kí n bá ọ gé e kúrú, ìfẹ́ mi. Mo ti yẹ̀ ọ́ wò tán. Mo mú ọ. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Èmi ló yẹ kí n bèèrè!"

"O ti pẹ́ jù. Dáhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Tarvo wí, ó di ọwọ́ Saimi méjèèjì mú. "Bẹ́ẹ̀ ni, Saimi. Kíákíá." Ó sì yíjú sí bàbá náà, ó nàró ṣánṣán. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọrọ..."

"Dúró, mò ń nájà lọ́wọ́," ni Bàbá Taisto wí láì yíjú. Ó kó ìbọ̀wọ́ pupa lé Ìyá Helju lọ́wọ́, ó ronú díẹ̀, ó sì tún nawọ́ sí àwọn ńlá tó wà lókè. "Fi ìyẹn kún un, èyí tó tóbi jù. Ti ọkọ ọmọ mi ni. Rauma máa ń tutù ju ibí lọ."