Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Jí Tí Kò Dákẹ́

Súkúrù mẹ́rin ló wà nínú àwo pẹlẹbẹ kékeré lórí tábìlì. Wọ́n tò wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo orí wọn sì kọjú sí ibì kan náà. Ohun tí ojú Ìnsípẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ bà lé nìyẹn nígbà tó wọ yàrá Bàbá Onírédíò ní nǹkan bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Ó rí wọn kó tó rí ẹsẹ̀ tábìlì tí wọ́n ti tú kọ̀ǹpútà kúrò, kó tó rí àwọn wáyà tó nà sílẹ̀, kó sì tó rí bàbá fúnra rẹ̀, tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tó di fìlà rẹ̀ mú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gba ìyẹn náà.

Farabalẹ̀ ni wọ́n ń pe Ìnsípẹ́kítọ̀ yìí nígboro, nítorí kò sẹ́ni tó lè fi ariwo bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ sọ fún un pé kó fara balẹ̀. Obìnrin gíga ni, ó ti lé ní ogójì ọdún, bàtà rẹ̀ kì í sì í dún bó bá ń rìn. Àwọn olè ò fẹ́ràn bàtà yẹn rárá.

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Kí ni wọ́n gbé lọ?"

"Ìyàwó mi ni wọ́n gbé lọ."

Farabalẹ̀ fa àga, ó jókòó. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó fi mọ̀ pé ẹni tó bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

Agbẹ̀bí ni ìyàwó bàbá nígbà ayé rẹ̀. Odidi ọdún méjìdínlógójì ló fi gbẹ̀bí ní ìlú náà, gbogbo ọmọ tó sì gbà ló kọ sínú ìwé ńlá kan: ọjọ́, wákàtí, àti ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ náà ṣe nígbà tó dáyé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, omi òjò wọ inú àpótí, ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Bàbá, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún rédíò ṣe, jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì tẹ gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ lójú ewé kan lẹ́yìn òmíràn kó tó jẹrà tán. Ó tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kí kọ̀ǹpútà máa dá ará ayé lóhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá tẹ àdírẹ́sì ìwé náà sórí fóònù, níbikíbi tó bá wà, ẹ̀rọ abẹ́ tábìlì yìí ló ń ṣí i fún un. Sáfà ni wọ́n ń pe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí wọ́n ti di bàbá àti ìyá lókè òkun ń wá wákàtí ìbí wọn níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n sáfà kì í sùn, iná ìlú náà sì ń lọ nígbà tó bá wù ú. Bí iná bá lọ, bàbá á so bátìrì mọ́ ọn. Bí bátìrì bá tán, ẹ̀rọ á kú, ọwọ́ bàbá nìkan ló sì lè jí i. Nítorí èyí, bàbá kì í lọ síbì kankan. Wákàtí kan péré ló ń kúrò nílé láàárín ọ̀sẹ̀, ní àárọ̀ Ọjọ́rú, láti lọ tu koríko ojú oórì ìyàwó rẹ̀. Wákàtí yẹn ni wọ́n fi gbé e.

Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni ojú bàbá. Ohun funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì bí èéfín. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni dókítà ojú ń ti ọ̀nà jíjìn wá, Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ti jẹ́ kó kọjá lọ nítorí ẹ̀rọ. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé bó bá tún pa ti ọdún yìí jẹ, kó gbàgbé ojú ọ̀tún.

"Ẹ bá mi wá a," ni bàbá wí. "Bí ẹ ò bá rí i, n ò lọ síbì kankan lọ́jọ́ Ẹtì. Kí ni mo tún fẹ́ fi ojú wò?"

Ọ̀rọ̀ náà dun Farabalẹ̀ wọ egungun. Ìlú yìí náà ni wọ́n bí òun sí, ìyá rẹ̀ sì ti kú kó tó ronú àtibi í léèrè wákàtí tí wọ́n bí òun. Ó gbé ìyẹn tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ ló bá wá.

Wọn ò já ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ tó máa ń wà lẹ́yìn fèrèsé ni wọ́n fi ṣí i, ènìyàn mẹ́ta ló sì mọ ibẹ̀: ayálégbé tó ń tún fóònù ṣe ní yàrá iwájú, ọmọ bàbá obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní ìlú mìíràn, àti àbúrò bàbá, tó jẹ́ káfíńtà.

Ọ̀dọ̀ ayálégbé ló kọ́kọ́ yà sí. Àwọn oníbàárà méjì tí wọ́n ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti aago mẹ́jọ jẹ́rìí pé kò kúrò lórí àga, pé ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò sinmi.

"Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ n bi yín," ni ayálégbé wí. "Olè tó gbé kàkàkí ọba, níbo ló ti máa fọn ọ́n? Ẹ̀rọ yẹn ti gbó. Kò sẹ́ni tó máa rà á."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ pé Káfíńtà ni kí wọ́n lọ bi, nítorí gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ lóṣù tó kọjá nígbà tó búra pé òun máa ju ẹ̀rọ náà sódò.

Bí Farabalẹ̀ ṣe ń gbọ́ ọ ló ń tẹ àdírẹ́sì ìwé agbẹ̀bí sórí fóònù rẹ̀, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìwé náà ṣí. Ayálégbé rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà ti rí i láàárọ̀, pé fóònù ló ń rántí ohun tó ti rí tẹ́lẹ̀, pé ìdí nìyẹn tí òun ò fi da bàbá láàmú pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ kò ní fóònù tó ju èyí tí wọ́n fi ń pe ènìyàn lọ; orí ẹ̀rọ abẹ́ tábìlì nìkan ló ti ń ka ìwé ìyàwó rẹ̀.

"Fóònù tèmi ò rí i rí," ni Farabalẹ̀ wí. "Kí ló fẹ́ rántí?"

Ayálégbé na ọrùn wo fóònù náà.

Nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, ìlà kékeré kan ń sọ wákàtí tí wọ́n ṣí i: aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Farabalẹ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú ni. Ó padà sí yàrá bàbá, ó bi í bóyá aago ẹ̀rọ rẹ̀ máa ń rẹ̀yìn. Inú fẹ́rẹ̀ẹ́ bí bàbá. Ó ní àràárọ̀ ni òun ń fi aago ìròyìn rédíò tún un ṣe. Ìwé tó ń sọ wákàtí ìbí fún ènìyàn kò gbọdọ̀ purọ́ wákàtí.

Farabalẹ̀ kò tíì sọ ohun tó rí fún un. Ayọ̀ tí kò dájú kò dára fún arúgbó.

Lórí fóònù, ọmọ bàbá sunkún kó tó lè dáhùn ìbéèrè kankan. Ó ní ọdún kejì rèé tí òun ti ń bẹ bàbá pé kó jẹ́ kí òun gbé ìwé náà sórí sáfà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń fi ẹ̀rọ wọn yá ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí iná kì í lọ. Àwọsánmà ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ń pe ibẹ̀. Bàbá ní iṣẹ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ kò ní sun ilé onílé.

"Ìwé náà ṣì ń ṣí lórí fóònù mi, ṣùgbọ́n aago rẹ̀ fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ìwọ lo wá gbé e síbẹ̀, àbí?"

"Èmi kọ́, Mà. Ká ní èmi ni, aago rẹ̀ ò ní rẹ̀yìn. Aago ìlú ibòmíràn ni àwọn ẹ̀rọ yẹn ń lò, ẹni tó bá gbé nǹkan síbẹ̀ ló máa tún un ṣe. Àwa tá à ń ṣe é lójoojúmọ́ kì í gbàgbé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló ń gbàgbé."

Farabalẹ̀ tún ṣí ìwé náà. Abala kan wà níbẹ̀ tí àwọn èrò ti ń kọ ìkíni. Obìnrin oníbúrẹ́dì kan tí agbẹ̀bí gba ìbejì rẹ̀ ń kí i níbẹ̀ láràárọ̀, bó bá ti ń ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago méje. Lọ́jọ́ Ajé, aago méje ló wà níwájú ìkíni rẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́fà ni. Farabalẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, obìnrin náà sì ní láti ọjọ́ tí òun ti dáyé, òun ò ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà rí. A jẹ́ pé ìwé ti kúrò nílé lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀ lé e ní Ọjọ́rú.

Ó bi bàbá ẹni tó wá kí i lọ́jọ́ Ajé. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni. Ó wá tún fèrèsé ṣe, ó sì tún jókòó ti ẹ̀rọ fúngbà díẹ̀, ó ní òun fẹ́ ka ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ òun. Ó ya bàbá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ ọn.

Ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà kún fún òórùn pákó tútù lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, pẹ́ńsùlù pẹlẹbẹ kan sì wà létí rẹ̀. Farabalẹ̀ béèrè ohun tó rò nípa ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Mo kórìíra ẹ̀," ni Káfíńtà wí, kò gbójú sókè. "Ẹ̀tẹ̀ ń bẹ nílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ojú ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣọ́ ẹ̀rọ."

Ó ní kí Ìnsípẹ́kítọ̀ wo ọwọ́ òun, kó sọ bóyá ọwọ́ ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni Farabalẹ̀ ń wò. Àwọn súkúrù wà lórí pẹpẹ, wọ́n tò wọ́n bí gígùn wọn ṣe rí, gbogbo orí wọn sì kọjú sí ibì kan náà. Lókè wọn ni pákó pẹlẹbẹ kan rọ̀ sí, tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù nínípọn kọ nǹkan sí láti nọ́ńbà kìíní dé ìkẹrìnlá. Kò jọ ìwọ̀n àga, kò sì jọ ìwọ̀n ilẹ̀kùn. Wọ́n ti pa nọ́ńbà kẹsàn-án rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n tún un kọ. Farabalẹ̀ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sí aago nínú rẹ̀.

Ó kí Káfíńtà pé ó kú iṣẹ́, ó sì ní kó jọ̀ọ́ kó wá sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ní Ọjọ́bọ̀, bàbá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ayálégbé fẹ̀yìn ti ògiri, ohùn ọmọ bàbá ń jáde látinú fóònù tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Ẹni tó gbé ẹ̀rọ yìí kò já nǹkan kan," ni Farabalẹ̀ wí. "Ó tú súkúrù, ó tò wọ́n sínú àwo. Olè kì í to súkúrù. Ẹni tó bá fi súkúrù jẹun láti kékeré ni kò ní lè jù ú nù, kódà bó bá ń sá lọ." Ó yíjú sí ayálégbé. "Ìwọ lo fún mi ní èkejì. O ní olè tó gbé kàkàkí ọba ò ríbi fọn ọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n olè tiwa ń fọn ọ́n. Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń fọn ọ́n fún gbogbo ayé, ọjọ́ méjì kó tó jí i."

Bàbá gbórí sókè. "Kí lẹ ń sọ?"

"Ìwé ìyá ò sọnù, Bàbá. Ẹnì kan gbé e lọ síbi tí iná kì í lọ kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ yín. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà ni, ó gbàgbé láti tún aago ṣe. Gbogbo ohun tó kọ́ ló sì kọ sórí pákó, torí ibẹ̀ ló ti ń kọ gbogbo nǹkan."

Káfíńtà jáde lọ síbi kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀ níta, ó gbé àpótí tuntun kan wọlé, ó gbé e lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí itan. Bàbá fọwọ́ wá igun àpótí náà. Kò sí ìṣó kankan níbẹ̀, pákó ló gé wọ inú pákó. Ó mọ ọwọ́ tó ṣe é. Ó ṣí i, ó bá ẹ̀rọ rẹ̀ nínú aṣọ rírọ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ nílé ìkàwé, Ẹ̀gbọ́n," ni Káfíńtà wí. "Mo dàgbà ju olùkọ́ wa lọ. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ká gbé sórí sáfà ni gbólóhùn kan péré. Àwọn yòókù ń kí ará ayé. Èmi kọ 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe ojú yín.' Mo rò pé bí ẹ̀rọ ò bá sí nílé mọ́, tí ẹ rí i pé ìwé ṣì ń ṣí, ẹ ò ní rí nǹkan kan ṣọ́. Mi ò rántí pé orí ẹ̀rọ nìkan lẹ ti ń rí i. Ìgbà tí mo fi máa dé láti ṣàlàyé, ẹ ti ń sunkún, ọlọ́pàá ti wà nílé. Ẹ̀rù bà mí."

"O ò ṣe sọ fún mi?"

"Ọdún méjì ni mo fi ń sọ ọ́. Ẹ lé mi jáde." "Bá a bá ń jà, bíi ká kú kọ́."

Bàbá fọwọ́ pa àpótí náà lára fúngbà pípẹ́. Ọmọ rẹ̀ ń sunkún lórí fóònù, kò sì fi pamọ́.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ ló dé ibẹ̀?" ni bàbá béèrè níkẹyìn.

"Gbogbo rẹ̀. Mo kà á tán lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọmọ kan tó sọnù."

Bàbá mí kanlẹ̀. "Tún aago yẹn ṣe ká tó máa lọ sí ọsibítù lọ́la."

"Bàbá kékeré," ni ọmọ bàbá wí látinú fóònù, "ẹ kọ ọ́ kún ti orí pákó." Káfíńtà yọ pẹ́ńsùlù létí, ó sì kọ nọ́ńbà kẹẹ̀ẹ́dógún sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bí ọmọ náà ṣe ń pè é fún un. Farabalẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀ pé ohun tó sọnù kò kúrò láàárín ẹbí, pé ẹni tó fẹjọ́ sùn ti mú ẹjọ́ rẹ̀ kúrò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bàbá ránṣẹ́ pè é. Wọ́n ti tú aṣọ tí wọ́n fi di ojú ọ̀tún. Fóònù àbúrò rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, Káfíńtà fúnra rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bàbá béèrè ọjọ́ ìbí Farabalẹ̀ àti orúkọ ìyá rẹ̀. Farabalẹ̀ ti ní ìwé náà lórí fóònù láti ìgbà yẹn, àyà rẹ̀ ni kò gbà á láti wò ó. Ó sọ ọ́ fún un.

Bàbá wá a, ó rí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á díẹ̀díẹ̀.

"'Ọmọbìnrin. Aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sunkún. Ó kọ́kọ́ wo gbogbo wa lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tó gbé òun wá. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó sọ fún un pé kó fara balẹ̀.'"

Farabalẹ̀ fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní kí bàbá jọ̀ọ́ tún un kà, bàbá sì tún un kà.