Igi Ọsàn Mẹ́ta Lẹ́nu Ibodè

Ìjà ló so èmi àti Awakọ̀ pọ̀. Èmi ni mo ń yẹ èso àti ewéko wò lẹ́nu ibodè, òun ń wa ọkọ̀ ẹrù. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, mo gba máńgòrò méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń pariwo lé mi lórí. Mo la ọ̀kan, mo fi ìdin inú ẹ̀ hàn án.

“Yéè! Mo ti jẹ mẹ́ta nínú ẹ̀ lọ́nà o!”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti ń kọjá, á ní kí n wá yẹ òun náà wò. Mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ kíá.

Ọdún kan kọjá, ó ní ìyá òun ń bọ̀ láti òdìkejì ibodè wá wò mí. Ìyá tó fi oko ọsàn nìkan tọ́ ọ, tó ti lé àfẹ́sọ́nà méjì dànù ṣáájú mi! Awakọ̀ ti là á mọ́lẹ̀: bí Màmá bá ní rárá, rárá náà ni.

Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n bá mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Màmá tú aṣọ tútù kan sórí tábìlì mi: igi ọsàn kékeré mẹ́ta.

“Ẹ̀yìnkùlé yín ni kẹ́ ẹ gbìn ín sí. Ọmọ mi ní ẹ kì í gba iyẹ̀pẹ̀ wọlé, mo ti fọ gbòǹgbò wọn mọ́ tónítóní.”

Mo dáràn! Ta ló sọ pé iyẹ̀pẹ̀ nìkan ni? Mo yí ewé kan padà, mo gbé awò tí mo fi ń wo nǹkan kékeré lé e. Kòkòrò wínníwínní tò sábẹ́ ẹ̀, irú èyí tó ń pa igi ọsàn, tí àwòrán ẹ̀ wà lára ògiri ọ́fíìsì wa, tí kò tíì wọ ilẹ̀ wa rí.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A máa sun wọ́n ni.”

“Sun kí ni?”

Awakọ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́ sétí mi. “Olólùfẹ́ mi, fojú fò ó, lónìí nìkan. Màá sun ún fúnra mi tá a bá délé.”

Mo fẹ́ ẹ, Ọlọ́run mọ̀. Àmọ́ kòkòrò yẹn ń fò, kí á tó délé, á ti wọ oko olóko.

“Mi ò lè ṣe é.” Mo di igi náà sínú ọ̀rá, mo so ó pinpin. Mo ń sunkún. Mo mọ̀ pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tú ìgbéyàwó mi ká.

Màmá na ọwọ́ sí awò mi.

“Jẹ́ kí n rí i.”

Wọ́n fi wo ewé náà láti ara ọ̀rá, wọ́n tún un wò. Wọ́n wá jókòó.

“Ewé oko mi ti ń rọ láti oṣù mẹ́ta. Mo ti bá aládùúgbò mi jà, mo ní òun ló da nǹkan sí i.”

“Ọ́fíìsì wa á kọ̀wé sí ti ilẹ̀ yín lónìí, Màmá. Ṣùgbọ́n wọ́n lè gé igi oko yín o, kó má baà ràn.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Ó lè jẹ́ gbogbo ẹ̀.”

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti ń tọ́jú oko yẹn. Wọ́n mí kanlẹ̀. “Kọ orúkọ abúlé mi sílẹ̀.”

Wọ́n kọjú sí ọmọ wọn. “Mo gbọ́ ohun tó o sọ sí i létí. Ìwọ fẹ́ kó tàn mí jẹ, òun kọ̀. Má jẹ́ kó bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́ o, òpònú.”

A ṣègbéyàwó lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gé igi tó kẹ́yìn lóko Màmá. Èmi àti wọn la jọ dúró wò ó. Nígbà tó wó, Màmá di ọwọ́ mi mú.

“Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “ó ti tó. Jẹ́ ká máa lọ sílé.”