Àpèjúwe Tí Kò Pé

Lórí ìkúnlẹ̀ ni Níyìolúwa wà lọ́jọ́ tí Muminat kọ́kọ́ rí i, tíì gbígbóná lọ́wọ́ ẹ̀, tó ń bá Mama Aino sọ èdè kan tí Muminat ò gbọ́ rí. Arúgbó tí kò sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjì sì ń rẹ́rìn-ín.

Muminat ló ń tọ́jú ìyá yìí nílé ẹ̀ ní Evanston, lẹ́bàá Chicago. Àrùn ìgbàgbé ti gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu ẹ̀. Èdè Finland tí wọ́n fi tọ́ ọ nìkan ló kù. Finland náà ni Níyìolúwa, nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó, ti kọ́ṣẹ́ kó tó dé Chicago. Muminat bẹ̀ ẹ́ kó kọ́ òun.

Níyìolúwa ní bí nǹkan ṣe rí ló ń ṣáájú, nǹkan náà á wá tẹ̀lé e: kylmä vesi, omi tútù. Tó bá di nínú omi tútù, ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ń yí ìparí wọn padà: kylmässä vedessä. Muminat á ní vesi kylmä, Mama Aino á na ìka sí i.

"Ọmọ Ìṣẹ́yìn, ṣé o fẹ́ kọ́ onílé lédè ẹ̀ ni?" Níyìolúwa á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kí yìnyín tó yọ́, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Alhaji Sàláhúdéènì, bàbá Muminat ní Ìṣẹ́yìn, bi í pé báwo ni ọkùnrin náà ṣe rí. Muminat ní ó ga, ó dúdú, ó ní sùúrù. Ó gbé ọ̀kan mì: Kírísítẹ́nì ni. Ẹ̀rù ló bà á, ẹ má bá a wí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Níyìolúwa dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú fóònù. Bàbá bi í pé mọ́sálásí wo ló ti ń kírun.

Níyìolúwa wo Muminat. "Ẹ má bínú, sà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ."

Bàbá pa fóònù.

"Ṣé àbùkù ni mí, tí o fi fi mí pamọ́?" Níyìolúwa bi í. Oṣù kan gbáko, nọ́ọ̀sì mìíràn ló ń wá.

Ọjọ́ tí Mama Aino ń kú lọ ni Níyìolúwa padà dé. Arúgbó náà ń sọ pé kylmä, kylmä. Muminat di ọwọ́ ẹ̀ mú, Níyìolúwa fi tiẹ̀ lé e. Ọwọ́ náà ò gbóná mọ́.

Muminat fi ohùn ránṣẹ́ sílé: "Bàbá, ọkùnrin tí mo fẹ́ ga, ó dúdú, ó ní sùúrù. Kírísítẹ́nì ni. Mo fi pamọ́ fún yín, ẹ foríjì mí." Ìyá ẹ̀ ló dá a lóhùn pé bàbá ní òun ò bímọ sí Amẹ́ríkà.

Muminat sunkún títí. Ó ní kí òun àti Níyìolúwa lọ ṣègbéyàwó ní kọ́ọ̀tù.

"Olólùfẹ́ mi, mi ò ní jí ọmọ ọlọ́mọ gbé," Níyìolúwa ní. "Ìwọ ni màá fẹ́, bó pẹ́ bó yá. A óò jọ máa bẹ̀ wọ́n."

Ọdún kejì rèé. Ní gbogbo Jímọ̀, Muminat á gbé fóònù sílẹ̀ ní pálọ̀, á pe Ìṣẹ́yìn. Níyìolúwa á dọ̀bálẹ̀ níwájú fóònù náà. Fóònù á máa dún. Níyìolúwa kì í dìde títí fóònù á fi dákẹ́.