Àmì Tí Mo Kùn Sẹ́yìn Àgbò

"Hàlímàt, kí ló ṣe ẹsẹ̀ eléyìí?" Dókítà Roseline, dókítà ẹranko ìjọba, ló bi mí nínú ọgbà ẹran wa l'Ọ́fà.

"Kò ṣe nǹkan kan, mà."

"Ṣé mi ò lójú ni? Ó ń tiro. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fẹ́ fi kó àwọn ẹran yìí lọ sókè òkun. Èyí tí kò bá lè dúró dáadáa ò gbọdọ̀ lọ." Ó kun ọ̀dà sẹ́yìn àgbò mọ́kàndínlógún tó kù, àmì pé wọ́n lè lọ, ó kọ iye wọn sínú ìwé, ó fi í lé mi lọ́wọ́. "Fún Alhaji. Sọ fún wọn pé mo wà lọ́fíìsì di ọ̀sán." Ó lọ, ó fi agolo ọ̀dà tó ti fẹ́ tán sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Alhaji Àkàndé, ló ni àwọn àgbò náà, wọ́n ti lọ ra epo ọkọ̀. Ogún ni oníbàárà wọn l'Ékòó ń retí. Mo rò pé bí ọ̀kan bá dín, wọn ò ní gbéra. Ọkọ̀ Alhaji nìkan ni Màmá Àgbà, tó ń tọ́ mi, sì gbà kí n bá lọ. Lọ́la ni màmá mi máa wọ bàálù l'Ékòó lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní Saudi. Ọdún mẹ́ta ni mi ò ti fojú kàn wọ́n. Ìborùn tí wọ́n fi sílẹ̀, mo ti gbóòórùn rẹ̀ títí tí òórùn ìpara wọn fi tán lára rẹ̀.

Mo bá kun ọ̀dà sẹ́yìn àgbò tó ń tiro.

Alhaji dé, mo fún wọn ní ìwé náà, wọ́n tì í bàpò láì kà á. Mo ní, "Dókítà ti fàmì sí gbogbo wọn, sà."

A ò tíì kọjá Ìkìrun tí àgbò náà fi ṣubú, tí àwọn yòókù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ẹran wò dá wa dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán. Wọ́n ka àmì, ogún. Wọ́n wo ìwé, mọ́kàndínlógún. Wọ́n ní ká padà sílé. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ dé Òṣogbo.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

"Háà, Hàlímàt!" Alhaji figbe ta. "Àgbò mìíràn ò ha wà nílé ni? Dókítà ì bá yẹ̀ ẹ́ wò, à bá ti máa sún mọ́ Èkó báyìí! Ká tó padà dé, yóò ti kúrò lọ́fíìsì."

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi pè láti pápákọ̀ òfurufú. "Ọmọ mi, ẹnu ọ̀nà ni mo ń wò o. Ibo lẹ dé?"

"Ọ̀fà ni mo wà, Màámi. Irọ́ ni mo pa."

Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe àwọn èrò wọ bàálù. "Ó dọdún méjì nìyẹn, ọmọ mi," màmá mi wí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, bí ọkàn yín bá ń fẹ́ nǹkan, ẹ sòótọ́ fún àgbà tó lè ràn yín lọ́wọ́. Òfin tó dáàbò bo ẹran tí ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ kọ́ ló gba màmá mi lọ́wọ́ mi. Èmi ni mo fi irọ́ pàdánù wọn.