Lẹ́tà Ìyàwó Onídígí

"Ọdún wo lo kọ síbẹ̀ yẹn?"

Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi Akínbọ́lá fi ìka tọ́ ìwé kan tí ọmọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ páálí ńlá tó dúró lórí tábìlì oúnjẹ. Ó ti wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní ìlú Lewisville, ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"1596 ni, Dádì." Fèyísọ́lá kò gbójú sókè. Ó ń fi gọ́ọ̀mù sí ẹ̀yìn àwòrán kan.

"Lẹ́tà yìí sọ pé obìnrin náà fi awò awọ̀nàjíjìn ọkọ rẹ̀ wo òṣùpá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún yẹn, kò tíì sẹ́ni tó ní irú awò bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ku bí ọdún méjìlá kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa rẹ̀. Níbo lo ti rí lẹ́tà yìí?"

Ọwọ́ Fèyísọ́lá dúró. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì mọ ibi tó ti rí lẹ́tà náà dáadáa.

Ìdíje ìmọ̀ ìtàn ni òun àti Michelle, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní iléèwé gíga kan ní Carrollton, ń múra fún. Orí ọ̀rọ̀ wọn ni bí èrò tuntun nípa sáyẹ́ǹsì, ẹ̀sìn àti ìṣèlú ṣe yí ayé àwọn ará Yúróòpù padà ní nǹkan bí irinwó ọdún sí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ní apá òsì páálí ni wọ́n kọ ìtàn ọkùnrin ará Ítálì tó wo ojú ọ̀run fúnra rẹ̀, tó sì ní kì í ṣe ayé wa ni gbogbo nǹkan ń yí ká. Ní àárín ni àlùfáà ará Jámánì tó lòdì sí títa ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ wà, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó fọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri ìlú. Ní apá ọ̀tún ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì tó sọ fún ọba wọn pé òun náà wà lábẹ́ òfin. Ó dára, àmọ́ olùkọ́ wọn, Ìyáàfin Delgado, mi orí.

"Gbajúmọ̀ ni gbogbo wọn," ó ní. "Ohùn mẹ̀kúnnù dà? Obìnrin tó ń dáná nílé ńkọ́, kí ló rò nígbà tí ìròyìn yìí kàn án?"

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré ni Fèyísọ́lá fi wá ohùn mẹ̀kúnnù náà. Nígbà tó sú u, ó ní kí ẹ̀rọ tó ń dáni lóhùn lórí fóònù rẹ̀ kọ lẹ́tà kan fún òun, bí ẹni pé ìyàwó onídígí kan, ẹni tó ń ṣe dígí, ní ìlú Fẹ́nísì ní Ítálì ló kọ ọ́ sí àbúrò rẹ̀. Kíá ni lẹ́tà dé: "Ọkọ mi ní kí n wo òṣùpá. Mo rí òkè àti àfonífojì níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi pé, kí ló tún kù tí wọ́n sọ fún wa, tí a ò fi ojú ara wa wò rí?" Ẹ̀rọ náà tún fi orúkọ ibi ìkàwé kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Michelle kà á, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Fèyí, ibo lo ti rí èyí?" Fèyísọ́lá ní òun rí i nínú àkójọ ìwé àtijọ́ kan.

Bàbá rẹ̀ wá dúró tì í báyìí, ó ń retí ìdáhùn. Ọdún mẹ́rìnlá ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá fi kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn ní Ìkirè kí wọ́n tó kó wá sí Amẹ́ríkà. Wọn ò gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ níbí, ló fi ń kó ẹrù.

"Fèyí, mo ní níbo lo ti rí i? Ta ló túmọ̀ rẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn, ó gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó sọ ọ́ fún un."

Ẹ̀rù bà á, ìbínú sì ni ẹ̀rù náà bá jáde. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kì í ṣe tíṣà mọ́. Ẹrù lẹ ń kó. Ẹ fi iṣẹ́ mi sílẹ̀ fún mi."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ó dáa," ó ní. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì lọ síbi iṣẹ́.

Fèyísọ́lá jókòó. Ó mọ̀ pé òtítọ́ ni bàbá òun sọ. Àmọ́ dípò kó ya lẹ́tà náà dànù, ó tẹ òmíràn jáde, ó yí 1596 padà sí 1611. Ìmọ̀ bàbá rẹ̀ ló fi bo irọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Plano ni wọ́n ti ṣe ìdíje náà, ipò kìíní ni wọ́n sì mú. Wọ́n máa lọ bá àwọn ọmọ gbogbo ìpínlẹ̀ Texas figẹ̀ wọngẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà lára àwọn adájọ́, tó ti ṣiṣẹ́ ní ibi ìkàwé rí, fẹ́ràn lẹ́tà náà débi pé ó kọ orúkọ ibi ìkàwé náà sínú ìwé pélébé rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Fèyísọ́lá ò tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyáàfin Delgado pe òun àti Michelle lẹ́yìn kíláàsì.

"Adájọ́ yẹn ti wá ibi ìkàwé yín títí," ó ní. "Kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbo lẹ ti rí lẹ́tà náà?"

Michelle yíjú sí Fèyísọ́lá. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu Fèyísọ́lá yà á lẹ́nu fúnra rẹ̀.

"Bàbá mi ló fún mi. Tíṣà ìmọ̀ ìtàn ni wọ́n ní Nàìjíríà."

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pe Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá, ibi iṣẹ́ ló sì gbà lọ sí iléèwé náà, tòun ti ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn. Ó fi sùúrù gbọ́ gbogbo ohun tí Ìyáàfin Delgado sọ. Lẹ́yìn náà, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó sì sọ Yorùbá.

"Fèyí, èmi ni mo fún ẹ ní lẹ́tà?"

Fèyísọ́lá ń wo bàtà rẹ̀.

"Kí lẹ sọ fún un, sà?" Ìyáàfin Delgado bi í.

"Ìbéèrè ni mo bi í," ni bàbá rẹ̀ dáhùn. "Mo ń dúró de ìdáhùn rẹ̀."

Ìyáàfin Delgado mí kanlẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń bá ọmọ kékeré sọ̀rọ̀. Ó ní bóyá wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka irú nǹkan báyìí sí níbòmíràn, àmọ́ níbí, èèyàn kì í dá ẹ̀rí sílẹ̀ látinú orí ara rẹ̀. Ohun tí ọkùnrin yìí fi ọdún mẹ́rìnlá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń kọ́ ọ lójú ọmọ tirẹ̀.

"Mo gbọ́, mà," ni gbogbo ohun tó sọ.

Bí wọ́n ṣe ń padà lọ sílé lórí ọ̀nà márosẹ̀, Fèyísọ́lá ń retí kí bàbá òun jágbe mọ́ òun. Ì bá dùn mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ títí wọ́n fi délé: "Bẹ́líìtì rẹ."

Ọmọ kíláàsì wọn kan, Àdúràgbèmí, ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú wọn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti dórí WhatsApp àwọn òbí: wọ́n ní Bùrọ̀dá Fọláránmi ló kọ lẹ́tà èké fọ́mọ kó lè gbégbá orókè. Fèyísọ́lá rántí ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sórí páálí, pé ẹṣin kan náà ni òtítọ́ àti irọ́ jọ gùn nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé. Ó ti kọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ dídùn lásán.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni bàbá rẹ̀ máa ń kọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì náà bí a ṣe ń ka Yorùbá àti ìtàn ilẹ̀ wa. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wọ́n. Ó ti ṣe é fún ọdún mẹ́ta, kò gba kọ́bọ̀. Ní Sátidé yẹn, òun àti Fèyísọ́lá to àga mẹ́rìnlá. Aago mẹ́wàá lù. Gbéminíyì àti Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọ ìyá kan náà, nìkan ló wọlé.

Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá dúró fún ogún ìṣẹ́jú. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà, ó ń to ṣọ́ọ̀kì tó ti tò tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì bí ẹni pé ilé kún. Fèyísọ́lá wà ní àga ẹ̀yìn, ojú ń tì í.

Nígbà tí ìyá àwọn ọmọ náà, Ìyáàfin Ìbíkúnlé, wá mú wọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí olùkọ́ wọn. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ má bínú o. Bàbá wọn ní ká dúró ná, títí ọ̀rọ̀ yìí á fi rọlẹ̀."

"Kò burú, ẹ bá mi kí wọn," ni Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ́lá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká àga kúrò nílẹ̀.

"Irọ́ ni, mà!" Fèyísọ́lá ti dé iwájú. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀. "Dádì ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Èmi ni. Fóònù ni mo fi ṣe lẹ́tà yẹn. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mo bú wọn. Mo tún wá parọ́ mọ́ wọn."

Ìyáàfin Ìbíkúnlé fọwọ́ bo ẹnu. Bàbá rẹ̀ gbé àga sílẹ̀.

"Dìde," ó ní. "Orí ìdúró lo ti pa irọ́ yẹn. Dúró kí o sọ òtítọ́ rẹ̀."

Fèyísọ́lá dìde, ó sì tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀, níṣojú àwọn ọmọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn òbí pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀. Ní ọjọ́ Ajé, ó sọ ọ́ níwájú Ìyáàfin Delgado àti Michelle.

Òtítọ́ ò gbà á lọ́wọ́ ìyà. Òdo ni wọ́n fún un, wọ́n sì gba ipò kìíní náà padà. Michelle tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ pàdánù ìrìn àjò tó ti ń fọkàn sí. Ó pààrọ̀ àga rẹ̀ ní kíláàsì, kò sì bá Fèyísọ́lá sọ̀rọ̀ títí ọdún ẹ̀kọ́ yẹn fi parí. Ìyáàfin Delgado pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ó tọrọ àforíjì tìtìjú-tìtìjú. Nínú àwọn ọmọ mẹ́rìnlá náà, mẹ́sàn-án ló padà wá. Àwọn márùn-ún yòókù ò padà mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, ó ti fọ́ nìyẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Fèyísọ́lá lọ bá bàbá rẹ̀ ní ibi ìdáná. "Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn? Ẹ lè sọ pé irọ́ ni mo pa."

"Tí mo bá sọ ọ́, ọ̀rọ̀ tèmi ló máa jẹ́," bàbá rẹ̀ fèsì. "Mo fẹ́ kó jẹ́ tìrẹ. Àwọn èèyàn tí ẹ kọ ìtàn wọn yẹn, ṣé o mọ ohun tí wọ́n fi yí ayé padà? Kì í ṣe ọgbọ́n nìkan. Wọ́n kọ̀ láti sọ pé àwọn rí ohun tí àwọn ò rí. Ọba ni o, àlùfáà ni o, ẹni tó bá sọ̀rọ̀, kó mú ẹ̀rí wá. Ìwọ kọ gbogbo ìyẹn sórí páálí, o wá fi irọ́ sí àárín rẹ̀."

"Ojú ṣì ń tì mí, sà."

"Jẹ́ kó tì ẹ́," ó ní jẹ́jẹ́. "Ojú tó ń tini, ó ṣì ń ríran. Èyí tí kò bá tini mọ́ ló ti fọ́."

Ó fa àga kan fún un, wọ́n sì jọ jókòó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, ìmọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn tó ń wu adájọ́. Òtítọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá dá ẹ̀rí sílẹ̀ lè gba ẹ̀bùn lónìí, ṣùgbọ́n irọ́ kì í jẹun lábọ́ ẹni tó pa á nìkan. Á bu nínú oúnjẹ òbí, á bu ti ọ̀rẹ́. Bí ẹ ò bá sì mọ nǹkan, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn.