Àsíá Bàbá Ògúnjìnmí

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí Munawwarah, ọ̀rẹ́ Sẹ̀gilọlá, fi dé ẹnu ọ̀nà, bàtà eré ìje lọ́wọ́ rẹ̀. "Sẹ̀gilọlá, kóòṣì ti wà ní pápá o. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó máa sáré ni?"

Sẹ̀gilọlá wo aago. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tí bàbá rẹ̀ àgbà, Bàbá Ògúnjìnmí, lo oògùn. Ó fa àsíá pupa kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, ó fi èyí tó ní àwọ̀ ewé rọ́pò rẹ̀, ni ìyá àgbà bá gbé ògì àti àkàrà wọlé.

Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tó ń lọ nílé wọn ní Òkè-Baálẹ̀ láìsí àsíá. Kó tó di pé ó ń lo oògùn, ọdún méjì ni bàbá fi ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn ọ̀sán, tó ń tòògbé láàrin ọ̀rọ̀. Gbogbo ilé ní ogbó ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló tú àṣírí.

"Ẹ̀yà ara kékeré kan wà níwájú ọrùn tó ń darí ooru àti okun ara," ni dókítà wí. "Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó lè máa dẹwọ́ díẹ̀díẹ̀. Ti ọ̀pọ̀ wọn, a kàn ń ṣọ́ ọ ni, ṣùgbọ́n ti bàbá ti kọjá bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n máa lo oògùn yìí láràárọ̀, kí wákàtí kan sì kọjá kí wọ́n tó jẹun."

Bàbá kó àsíá jáde nínú àpótí, ó sì fi Sẹ̀gilọlá ṣe ọ̀gá ibùdókọ̀: àsíá pupa ní kí oúnjẹ dúró, èyí tó ní àwọ̀ ewé ní kó wọlé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n padà sílé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá kò yàtọ̀, súwẹ́tà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Dókítà mú bírò. "A máa fi kún oògùn náà. Pé kó má pọ̀ jù ni mò ń rò, torí ó lè da ọkàn àgbàlagbà láàmú."

Sẹ̀gilọlá mọ ohun tó fà á. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó wo bàbá tó ń gbọ̀n nínú súwẹ́tà, àánú rẹ̀ ṣe é, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni mò ń fún wọn kí wọ́n tó jẹun, kí n lè tètè dé pápá."

Dókítà fi bírò sílẹ̀. Bàbá kọjú sí ọmọ náà. "Ní rélùwéè, wọn ì bá ti gba àsíá lọ́wọ́ rẹ."

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Mi ò ní gbà á. Wàá kàn máa jókòó tì mí títí wákàtí náà á fi pé ni."

Báyìí ni ipò rẹ̀ nínú eré ìje ṣe bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó sunkún díẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́ ìtàn ọkọ̀ ojú irin títí ó fi lè ka gbogbo ibùdó láti Òṣogbo dé Ọ̀fà.

Lọ́jọ́ ìdíje, bàbá wà ní pápá nínú oòrùn, bùbá lásán lọ́rùn, ó ń pariwo orúkọ Munawwarah ju àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ. Inú Sẹ̀gilọlá dùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti yé e pé a kì í gé iṣẹ́ tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni kúrú torí pé kò sẹ́ni tó ń wo aago, àti pé bí a bá ṣe àṣìṣe, ká tètè jẹ́wọ́ kó tó di ewu. Ní ti súwẹ́tà, adìyẹ ìyá àgbà ló ń sàba lórí rẹ̀ báyìí.