Èrè Tó Di Ère

"Ìròyìn wo ló dé lónìí?" Bàbá Basile Ṣóbándé béèrè, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lé orí àpótí.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ní Pobè, ìlú Yorùbá kan lẹ́yìn ààlà Nàìjíríà. Huguette, ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mísà dé ni, kò tíì bọ́ bàtà. Ojú bàbá kò kàwé mọ́, àìsàn ọkàn tó ń bá a jà kò sì jẹ́ kó lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì láti oṣù méjì sẹ́yìn. Huguette ló wá di ojú àti ẹsẹ̀ fún un. Òun ló ń ka ìròyìn orí fóònù sí i létí, òun náà ló ń sọ bí Mísà ṣe lọ.

Ẹ má rò pé arúgbó oníkanra lásán ni bàbá yìí. Ogójì ọdún ló fi ṣe katikíìsì, tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Issaba àti Igana láti kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé, èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Mísà. "Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibẹ̀ nìkan ti tó ìwàásù," ló máa ń wí. "Bí o bá ti wọlé, wàá mọ̀ pé Ẹnìkan wà níbẹ̀." Lójú tirẹ̀, ìlù, àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ń di èèyàn létí, ariwo ọjà ni gbogbo wọn. Ẹni tó bá sì na ọwọ́ gba Ara Olúwa bí ẹni tó ń gba àkàrà, bàbá kì í lè wò ó. Bí Huguette bá kà á fún un pé wọ́n ta ṣọ́ọ̀ṣì kan nílẹ̀ Faransé, wọ́n sọ ọ́ di ilé ọtí, bàbá á mi orí. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ijó bá gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni àdúrà ń gbà jáde."

Ohun kan wà tí Huguette ti kíyè sí. Ìròyìn burúkú ló ń jí bàbá. Bí ìròyìn bá dára, oorun ló ń gbé e lọ. Bí ó bá burú, á dìde jókòó, á pe Huguette ní Àjíkẹ́, oríkì rẹ̀, á sì máa sọ ìtàn ayé àtijọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà nídìí òwò ní Nàìjíríà láti ọdún márùn-ún, tí bàbá àgbà nìkan sì kù fún, kò sí ohun tó tún dùn mọ́ ọn ju ìyẹn lọ.

Ọjọ́ yìí, nǹkan wà nínú fóònù rẹ̀.

Àlùfáà tuntun ni Mọ̀npẹ̀ Martial, bí wọ́n ṣe ń pe àlùfáà ní Faransé níbẹ̀, ọmọ Ègùn láti ẹ̀yìn Àjàṣẹ́. Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pinnu pé èdè àwọn ọmọ ìjọ lòun á fi wàásù. Ó kọ ìwàásù ìmúrasílẹ̀ ìkórè ní Faransé, ó ní kí Huguette tú u sí Yorùbá fún òun. Huguette tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ní ọjọ́ Ẹtì, kò sì fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i. Àmì ohùn ń gba àkókò, Fabiola ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń dúró dè é. "Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ bí wọ́n ṣe ń pè é," ló wí. Ó gbàgbé pé ẹni tí òun ń kọ ọ́ fún gan-an ni kò gbọ́.

Báyìí ni Mọ̀npẹ̀ ṣe dúró lórí pẹpẹ tó ka ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ má tijú. Ẹ mú ère yín wá síwájú pẹpẹ Olúwa." Èrè ló yẹ kó pè, ohun tí wọ́n jẹ lóko. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó fara jọ ọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló mọ̀, èyí tó wà nínú òfin Ọlọ́run: má ṣe yá ère. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mọ̀npẹ̀ ń kà á lọ ní tirẹ̀: "Àgbàdo yín, iṣu yín, epo pupa yín, gbogbo ohun tí Ọlọ́run fi bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Huguette ti gba gbogbo rẹ̀ sórí fóònù. Lẹ́yìn Mísà, Fabiola gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Gé e síbi ère yẹn," ló wí. "Má fi àgbàdo sí i, àgbàdo ló ń ba àwàdà náà jẹ́." Huguette gé e sọ́tọ̀, odidi rẹ̀ sì wà lórí fóònù síbẹ̀. Àwàdà ni lóòótọ́, títí ó fi délé.

"N ò rí ìròyìn kankan lónìí, Bàbá," ló kọ́kọ́ wí.

Bàbá mí kanlẹ̀, ó fẹ̀yìn ti àga, ó sì di ojú. Àánú rẹ̀ ṣe Huguette. Ó gbé fóònù sí i létí, ó tẹ̀ ẹ́.

Bàbá dìde jókòó. "Tún un tẹ̀." Ó tún un tẹ̀. "Ère kẹ̀? Kí ló wí tẹ̀ lé e?"

Bí ó bá sọ òótọ́ níbí, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú bàbá ti tàn, ó ti na ọwọ́ sí i. "Àjíkẹ́, mo ní kí ló wí tẹ̀ lé e?"

Huguette wo fóònù rẹ̀. "N ò gbọ́ ìyókù, Bàbá."

"Ó dáa. Gba ohùn mi sí i." Bàbá wú ikọ́ díẹ̀. "Èmi Basile Ṣóbándé, katikíìsì. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ. Àlùfáà Pobè ní ká gbé òrìṣà wá síwájú pẹpẹ. Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ yín, n ò parọ́ fún yín rí. Ẹ ṣọ́ra yín."

Huguette bá a fi í ránṣẹ́, pẹ̀lú ohùn àlùfáà tó gé, sí ẹgbẹ́ àwọn katikíìsì lórí Wasáàpù. Ní ọjọ́ Ajé, ó ti dé Sakété. Ní ọjọ́ kejì, ó ti dé Ita-Djèbou, ibi tí àwọn ìyá ìjọ ti búra pé iṣu àwọn kò ní dé ibi ìkórè yẹn. Wọn kì bá tí gbà á gbọ́, bí kì í bá ṣe ohùn bàbá. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ní ọjọ́rú, Bíṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ pe Mọ̀npẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, Mọ̀npẹ̀ pàdé Huguette lẹ́nu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Huguette, ìwọ lo kọ ọ́ fún mi. Mo kà dáadáa, àbí?"

"Bóyá wọn ò gbọ́ yín dáadáa ni, Mọ̀npẹ̀," ló fi fèsì. Ìtìjú mú un débi pé kò lè wo ojú rẹ̀.

Ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní àárọ̀ Sátidé, àyà bàbá há. Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà pe Maman Delphine, olórí àwọn ìyá ìjọ tó bá wọn gbé bàbá wá, sí kọ̀rọ̀. "Bí ẹ bá ní àlùfáà tí ẹ fẹ́ pè," ló wí, "ẹ pè é báyìí."

Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń béèrè Òróró Mímọ́ àti Ara Olúwa. Ṣùgbọ́n àlùfáà Sakété tí bàbá fẹ́ kí wọ́n pè wà ní ìrìn àjò, ó di ọjọ́ Ajé kó tó dé. Mọ̀npẹ̀ Martial ló dé, pẹ̀lú ìgò òróró kékeré lọ́wọ́. Bàbá kọ ojú sí ògiri.

"Kó máa lọ."

"Bàbá, ọjọ́ Ajé jìnnà," Maman Delphine bẹ̀ ẹ́.

"Kí n kú bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ tó ń pe ère wá ò ní kàn mí."

Mọ̀npẹ̀ jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé ìgò náà lé itan. Ẹ̀rù ba Huguette gidigidi. Ẹni tó fi ogójì ọdún kọ́ni pé kí Onígbàgbọ́ má ṣe kú láìjẹ Ara Olúwa, òun ló fẹ́ kú láìjẹ ẹ́ yìí, nítorí ohun tí ọmọ ọmọ rẹ̀ gé kúrò nínú fóònù.

Fabiola fà á lọ́wọ́ síta. "Má sọ nǹkan kan. Bí o bá sọ ọ́, ìbínú ló máa pa á. Pa odidi ohùn náà rẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀."

Ọ̀rọ̀ Fabiola jọ ọgbọ́n. Huguette tiẹ̀ gbé ìka lé ibi tí wọ́n ń tẹ̀ láti pa á rẹ́. Ó ronú pé bàbá lè kú lóòótọ́ tó bá gbọ́. Ó tún ronú pé ó lè kú láìgbọ́, èyí sì burú jù. Ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ gbọ́ ìyókù."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Mọ̀npẹ̀ jáde: àgbàdo yín, iṣu yín, epo pupa yín. Bàbá kò mira. Ó gbọ́ ọ dé òpin.

"O ní o ò gbọ́ ìyókù."

"Mo parọ́ ni, Bàbá. Èmi ni mo gé e. Èmi náà ni mo kọ ìwé tó kà. N ò fi àmì sí i."

Omi ń bọ́ lójú bàbá sínú irùngbọ̀n, kò sì nù ún. "Èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀," ló wí níkẹyìn. "Bí wọ́n bá ní ẹnì kan tí mo fẹ́ràn ló sọ ọ́, ǹ bá ti wádìí. Pè é wọlé fún mi."

Nígbà tí Mọ̀npẹ̀ wọlé, bàbá ní kí Huguette kọ́kọ́ gba ohùn òun. "Èmi Basile Ṣóbándé. Irọ́ ni mo fi ránṣẹ́ sí yín. Èrè oko ni àlùfáà wí. Kí ó dárí jì mí, kí ẹ̀yin náà dárí jì mí." Huguette fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn katikíìsì lójú ẹsẹ̀. Bàbá wá yíjú sí Mọ̀npẹ̀. "N ò tíì fẹ́ràn ìlù yín o."

"Mo mọ̀, Bàbá," ni Mọ̀npẹ̀ wí. Ó fi òróró kàn án níwájú orí, ó sì fi Ara Olúwa sí i lórí ahọ́n, bí bàbá ṣe fẹ́. Bàbá kú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní ìrọ̀rùn.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Huguette wọ takisí láti Pobè lọ sí Sakété. Ọkùnrin kan tó jókòó tì í ń wo fóònù, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ìyá, gbọ́ ohun tí àlùfáà kan wí ní Pobè," ló wí, ó sì gbé e sí i létí. Huguette gbọ́ ère. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ tó ti kú, tó ń fi ogójì ọdún rẹ̀ jẹ́rìí sí irọ́.

"Irọ́ ni," ló wí. "Èmi ni mo gé e."

Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ìwọ kẹ̀? O ò gbọ́ pé katikíìsì fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́?"

Huguette yọ fóònù tirẹ̀, ó wá ohùn kejì tí bàbá fi tọrọ ìdáríjì, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó gbọ́ ọ tán. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ náà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tó bá gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ kù, irọ́ ló pa, bí gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù tilẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bí ẹ bá sì mọ ìyókù ọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín.